Bí Mo Ṣe Ya Ìràwọ̀ Tó Ń Já ní Makun

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, n kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí kámẹ́rà mi kò lè yà. Èkó ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi sin ọ̀gá mi níbẹ̀, ilẹ̀ ni mo sì fi ọdún kan ààbọ̀ gbá nínú rẹ̀. N kì í sọ apá ti ilẹ̀ gbígbá yẹn fún àwọn ará Makun. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé mo ti Èkó dé pẹ̀lú kámẹ́rà onígi ńlá kan tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, pé mo máa ń dé fìlà òyìnbó, tí mo sì máa ń so táì mọ́rùn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ nínú ooru Ṣàgámù. Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó níwájú mi, mo máa ń sọ fún un pé, "Ẹ má mí o," bí ẹni pé ọwọ́ mi ni èémí rẹ̀ wà.

Ìsàlẹ̀ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Alàájì kan tó ń ṣòwò obì ló ni ilé náà, èmi àti ìyàwó mi sì háyà yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àgbàlá ilé yẹn fẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti máa ń ṣa obì, tí wọ́n ń fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, tí wọ́n ń dì í, tí lọ́rì á wá kó o lọ sí ọ̀nà Òkè Ọya. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, wọ́n á ṣe é wọ òru. Wọ́n á fi iná gáàsì mẹ́ta kọ́ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo àgbàlá á sì mọ́lẹ̀ rekete. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà lọ sókè kò sí nínú ilé. Ara ògiri lóde ló gbà sọ̀ kalẹ̀ wá sí àgbàlá.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ tíṣà ní Ìsarà, ẹni jẹ́jẹ́ tó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù Díṣẹ́ńbà láti wá gba fọ́tò tí mo bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yà. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo ènìyàn ti là. Ó fi ìpara ra ètè tirẹ̀, ó ní:

"Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ìràwọ̀ á máa já lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ìràwọ̀ wo?"

"Ti ojú ọ̀run. Mo kà á nínú ìwé kan. Ọdọọdún ni, inú oṣù yìí ló máa ń bọ́ sí. Wọn á máa já léraléra fún òru bíi mélòó kan, pàápàá lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀ gan-an. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, tó ń gbiná bó ṣe ń wọ inú afẹ́fẹ́ ayé."

Obìnrin méjì tó wá gba fọ́tò ìkómọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Ṣé ènìyàn lè ya irú rẹ̀ ní fọ́tò?"

Tíṣà ló bi. Ọ̀rẹ́ mi sì la ẹnu, ó fẹ́ dáhùn pẹ̀lú sùúrù bó ti máa ń ṣe, àmọ́ mo gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kí ló le níbẹ̀?" ni mo wí. "Ohunkóhun tó bá ti ní ìmọ́lẹ̀, tèmi ni."

"Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ o," ni tíṣà sọ. "O kò mọ ibi tí yóò ti já, o kò sì mọ ìgbà tí yóò já. Àfi kí o ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, kí o máa retí. Iná àdúgbò yìí ńkọ́? Ìbá sàn kí o wá sí Ìsarà, ọ̀dọ̀ wa ṣókùnkùn."

Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá tẹ̀lé e lọ. Ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí ọ̀gá tó ti Èkó dé máa wá òkùnkùn kiri nínú oko? Mo ní àgbàlá ilé mi ni màá ti yà á. Kí àwọn obìnrin yẹn tó délé, mo ti fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù: ÌRÀWỌ̀ TÓ JÁ LÁTI Ọ̀RUN. Ẹ WÁ FOJÚ RÍ I NÍBÍ LỌ́SÀN-ÁN ÀBÁMẸ́TA. Ìyàwó mi jáde wá, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ ti yà á ni?" ó béèrè.

"Rárá. Màá yà á."

"Àwọn ènìyàn kì í kọ́kọ́ yà á kí wọ́n tó pe ìlú wá wò ó ni?"

Mo sọ fún un pé kò lè yé e.

Nígbà tó di òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé kámẹ́rà lọ sí àgbàlá. Àwọn olóbì wà lẹ́nu iṣẹ́, iná gáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń hó yee. Alàájì jókòó sórí àga, ó fi tẹ̀sùbáà kọ́wọ́ bí wọ́n ti ń ka agbọ̀n. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa iná yìí fún wákàtí méjì péré."

"Kí ló dé?"

"Ìràwọ̀ ni mo fẹ́ yà."

Ó wo ojú mi, ó wo ojú ọ̀run, ó wá wo agbọ̀n obì rẹ̀.

"Onífọ́tò," ó ní, "ṣé ìràwọ̀ yẹn máa ra obì ni?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi da obì inú igbá rẹ̀ nù. Mo ní kò ní í ra obì. "Ó dáa," Alàájì dáhùn, "lọ́rì máa dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ sùn." N kò lọ. Mo dúró síbẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo ṣí ojú kámẹ́rà sí ọ̀run, mo ń ṣe bí ẹni pé iná kò dí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo fọ awo gíláàsì tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà nínú oògùn lọ́jọ́ kejì, ó dúdú láti etí dé etí bí ìdí ìkòkò. Lójú awo, ohun tó bá mọ́lẹ̀ ló máa ń dúdú; iná gáàsì ti jẹ gbogbo rẹ̀.

Lóru Ọjọ́rú, mo gbé kámẹ́rà lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ògiri ti dí iná àwọn olóbì. Ìyàwó mi tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó pọn ọmọ wa tó ti sùn, ó jókòó. Èmi wà lábẹ́ aṣọ dúdú tí a máa ń fi bo orí, mò ń tún kámẹ́rà ṣe. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì.

"Ọ̀kan rè é!" ìyàwó mi kígbe.

Kí n tó yọ orí, ó ti kọjá.

"Níbo?"

"Ó ti lọ."

Mo padà sábẹ́ aṣọ. Ó tó bí ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ ọsàn kan.

"Òmíràn! Ha, èyí gùn!"

Mo tún sáré yọrí, mo fi orí gbá ìdí kámẹ́rà. Òkùnkùn nìkan ni mo bá lójú ọ̀run, ó ń wò mí.

"Ẹ yọ orí yín kúrò nínú aṣọ yẹn ná," ó ní. "Ẹ wá jókòó síbí, ẹ ó rí i."

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Ta ló ní kì í ṣe iṣẹ́?"

Ìyàwó mi rí ìràwọ̀ méje tó já lóru ọjọ́ yẹn. Èmi kò rí ẹyọ kan. Mo fi ara mi lọ́kàn balẹ̀ pé ojú kámẹ́rà ti rí ohun tí ojú tèmi kò rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo fọ awo, gíláàsì lásán ni mo rí, ó mọ́ tónítóní bí omi òjò. Mo ti ń bú ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn fọ́tò nígbà tí ìyàwó mi tó ń gbálẹ̀ wo inú ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ni ìdérí yìí wá ń ṣe lójú kámẹ́rà yín?"

Ìdérí náà wà níbẹ̀ láti àná. N kò ṣí i rárá.

Bí mo bá fẹ́ rí àyè tẹ fọ́tò kí Àbámẹ́ta tó dé, òru ẹyọ kan ló kù. Ó ṣe mí lóore pé Ọjọ́bọ̀ ni. Alàájì kì í jẹ́ kí wọ́n di obì mọ́jú Jímọ̀, nítorí náà àgbàlá ṣókùnkùn biribiri. Mo gbé kámẹ́rà sí àárín rẹ̀, mo gbé ojú rẹ̀ sókè kó gba ara ògiri ilé àti etí òrùlé kọjá lọ sí ọ̀run. Mo fọwọ́ kan ìdérí lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè mọ̀ dájú pé mo ti yọ ọ́. Mo tilẹ̀ fi í sínú àpò. Ìyàwó mi ní òun kò ṣe àìsùn mọ́. Mo jókòó sórí agbọ̀n òfìfo kan, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo gbé ojú sókè. Mo rántí pé mò ń sọ fún ara mi pé bí tíṣà bá rí i, á mọ̀ pé kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ọgbọ́n wà.

Ohun tí mo tún gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ìpè ìrun àsùbáà.

Mo fò dìde. Ìrì ti sẹ̀ sí mi lórí. Ẹnìkan ti fi ìró bò mí, mo sì mọ ìró náà: ti ìyàwó mi ni. Kámẹ́rà dúró síbi tí mo gbé e sí, ó la ojú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ tó níwà. Mo dé e, mo sáré wọ yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ awo.

Nígbà tí mo gbé awo náà jáde nínú oògùn, mo lọgun. Ilà kan wà níbẹ̀! Ó nípọn, ó hàn gbangba, ó ti òkè ọwọ́ ọ̀tún dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sí ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì. Ìyàwó mi sáré wọlé, ó rò pé oògùn ti ta sí mi lójú.

"Ó bọ́ sí i!" mo ń kígbe. "Ìràwọ̀ ti bọ́ sí i!"

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Ṣé ẹ rí i nígbà tó ń já?"

"Mo rí i," ni mo dáhùn. "Ṣebí ojú mi là sílẹ̀ ni."

Ó mú ìró rẹ̀ lórí èjìká mi, torí mi ò tíì rántí mú un kúrò, ó ká a. "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní, ó sì jáde lọ dáná.

Ohun kan kù tó ń bí mi nínú lára awo náà. Àwọn ilà tín-ín-rín kan wà káàkiri rẹ̀, bí ibi tí ológbò ti fi èékánná fa ara ògiri. Púpọ̀ nínú wọn tẹ̀ kọrọdọ, gbogbo wọn sì tẹ̀ sí apá kan náà. Ọ̀kan ṣoṣo ló lọ tààrà, ó gùn, ó gé àwọn yòókù kọjá. Mo ní yanrìn ló ti wọ inú omi tí mo fi fọ̀ ọ́. Ọ̀gá mi ní Èkó ti kọ́ wa bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ wẹ́wẹ́ họ irú àbùkù bẹ́ẹ̀ kúrò lójú awo, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ. Mo jókòó ti fèrèsé, mo fi odindi wákàtí méjì họ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Mo wá tẹ fọ́tò ńlá kan jáde láti ara rẹ̀, mo fi sínú férémù, mo gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, èrò pé. Àwọn olóbì wá, Alàájì fúnra rẹ̀ wá, àwọn kan tilẹ̀ ti ọjà yà síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo ti so táì tuntun. Mo mú ọ̀pá tín-ín-rín kan, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Gbogbo ohun tí tíṣà sọ fún mi ni mo sọ, mo sì fi tèmi kún un.

"Ẹ wò ó," ni mo wí, "ẹ ó rí i pé ilà náà kò lọ gbọọrọ, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn ojú ọ̀run ló ń gbọ̀n ọ́n. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù láàárín yìí, ibẹ̀ ni iná rẹ̀ ti gbóná jù. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo tó pa!"

Ìyàwó mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yí ojú sí ọ̀nà mìíràn.

Ní àkókò yẹn ni ìyá Alàájì yọ. Òkè ló ń gbé. Ìyá arúgbó ni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kì í sì í sábà wá sí ìta. Rẹ́mọ pọ́nńbélé ló máa ń sọ. Mo kàn ń tún un sọ báyìí kí ó lè yé tọmọdé tàgbà ni. Wọ́n yà fún un, ó súnmọ́ fọ́tò náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan gíláàsì.

"Níbo lo ti ya èyí, ọmọ mi?"

"Ojú ọ̀run ni, Ìyá. Ìràwọ̀ ni."

"Ti ọjọ́ wo?"

"Mọ́jú Jímọ̀, Ìyá. Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́."

"Hẹn-ẹn." Ó na ìka sí òkè ilà náà, ó sì ń tẹ̀lé e bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Èje." Ìka rẹ̀ dúró níbi tó mọ́lẹ̀ jù. "Ibí ni orúnkún mi ti dá mi dúró. Mo gbé àtùpà sílẹ̀, mo fi ọwọ́ ra á." Ó tún ń bá a lọ. "Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá. Ọ̀kànlá. Èjìlá. Ẹ̀tàlá. Mẹ́tàlá ni àtẹ̀gùn ilé ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á kí n má baà ṣubú, bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ wá ṣe àlùwàlá."

Ìyá yíjú sí mi, àánú mi sì ń ṣe é ní tòótọ́.

"Ìwọ lo wà nísàlẹ̀ tí ò ń hanrun. Mo rọra rìn kí n má baà jí ọ."

N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Alàájì di ògiri mú. Ẹnìkan ní kí n tún sọ nípa ariwo tó pa. Táì mi fún mi lọ́rùn lójijì, mo sì na ọwọ́ láti já fọ́tò náà kúrò lára ògiri.

"Má tú u o!" ìyá náà ní, ó gbá ọwọ́ mi. "N kò ya fọ́tò rí. Ẹ̀rù ojú ẹyọ kan tí kámẹ́rà ní yẹn máa ń bà mí. Ṣùgbọ́n èyí dára. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ṣì ń rìn dáadáa tó báyìí." Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sókè fún òun. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n sì fi kọ́ pálọ̀.

Tíṣà dé láti Ìsarà nígbà tí èrò ti túká. Mo ròyìn ohun gbogbo fún un, torí mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ, àwọn ẹlòmíràn á sọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé awo náà wá, ó gbé e sí ojú oòrùn.

"Ó yà mí lẹ́nu," ó ní. "Bí ojú kámẹ́rà bá là sílẹ̀ mọ́jú, ó yẹ kí àwọn ìràwọ̀ tó dúró sójú kan ya ilà sí i. Ayé ló ń yí, nítorí náà ilà wọn máa ń tẹ̀. Ṣé kò sí ilà tín-ín-rín kankan níbẹ̀?"

"Ó wà," mo ní. "Mo họ ọ́ kúrò."

"O họ ìràwọ̀ kúrò?"

"Mo rò pé yanrìn ni."

Ó mí kanlẹ̀. Ó tún rọra béèrè, bí dókítà tó ń béèrè ibi tó ń dunni: "Ǹjẹ́ ọ̀kan wà nínú wọn tí kò tẹ̀? Tó lọ tààrà, tó gé àwọn yòókù kọjá?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Tíṣà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ó ti yé mi. Ìràwọ̀ já nítòótọ́. Ó já lójú kámẹ́rà mi, kámẹ́rà sì yà á. Èmi ni mo jókòó ti fèrèsé, tí mo fi ọwọ́ ara mi, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ tí mo kọ́ ní Èkó, họ ọ́ dànù kí àtùpà ìyá arúgbó lè hàn dáadáa.

Ilẹ̀ ti ṣú jù fún un láti gun kẹ̀kẹ́ padà, nítorí náà ó sùn sọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyàwó mi tẹ́ ẹní méjì sẹ́yìn ilé ìdáná, kò sì bi ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ gbé kámẹ́rà. Ó wò mí, mo gbé e sílẹ̀. A dùbúlẹ̀, a ń wo òkè, ọyẹ́ ń fẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó yá, ìyàwó mi na ọwọ́, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ojú mi ti wà níbẹ̀: ìmọ́lẹ̀ funfun kan yọ, ó sáré gba ojú ọ̀run kọjá láìpa ariwo kankan, ó sì parẹ́.

"Ẹ rí i?" ìyàwó mi béèrè.

"Mo rí i." Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.

"Ìró mi dà?" ó ní. "Òtútù ń mú mi." Mo lọ mú un wá fún un, mo sì fi bò ó.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn ará Makun ti fún mi lórúkọ tuntun: Onífọ́tò Àtùpà. Inú bí mi fún oṣù bíi mẹ́ta. Mo tilẹ̀ tún pátákó kùn, mo kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà, kò ràn mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gun òkè lọ wo "fọ́tò ìyá" ní pálọ̀ Alàájì a máa yà sọ́dọ̀ mi bí wọ́n bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á sì jókòó kí n yà wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó fẹ́ gbéyàwó ti Ìkẹ́nnẹ́ wá. Ó dúró lábẹ́ pátákó mi gan-an, ó kà á tán, ó tún wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá yọjú sínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mò ń wá Onífọ́tò Àtùpà. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo tú táì mi, mo fi í kọ́ ìṣó.

"Èmi ni," mo ní. "Ẹ jókòó."